Ọjọ́ Tí Ará Ìgbẹ̀ìn Kò Wá

Ní ọdún tí àwọn ṣójà ń múra láti gbé ìjọba fún alágbádá, tí wọ́n ń lẹ àwòrán olóṣèlú mọ́ gbogbo ògiri Abẹ́òkúta, Àsíátù ọmọ Àlàájì Láwàlì ti Kémta kò ráyè olóṣèlú kankan. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà. Tíṣà Yorùbá ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Owódé. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kì í yà sílé. Òkè-Ilewó ló ń forí lé, sí yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà, níbi tó ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ tún ìdánwò GCE ṣe ní Yorùbá. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn ju ti àárọ̀ lọ. Ẹni tó bá ti ẹnu iṣẹ́ wá jókòó sí kíláàsì, tó ń tòògbé, tó tún ń fọwọ́ nu ojú kó má baà sùn, onítọ̀hún mọ ohun tó ń wá.

Ọ̀kan nínú wọn ni Túbọ̀sún Ọlálẹ́yẹ, akọ̀wé ní báńkì kan ní àdúgbò yẹn. Ó fi ọdún mẹ́ta ju tíṣà rẹ̀ lọ, ó ga, ẹ̀wù rẹ̀ kì í dọ̀tí. Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ká kọ ọ́ sílẹ̀, ńṣe ló máa ń wọ́n àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ tí kò tọ́ ọ wò. Kò sì yani lẹ́nu. Bàbá rẹ̀, Pápá Herbert Ọlálẹ́yẹ ti Ìgbẹ̀ìn, fi ogójì ọdún ṣe tíṣà àti ọ̀gá ilé-ìwé ìjọ Áńgílíkà. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé-ìwé rẹ̀ láyé ọjọ́un, pàṣán ni. Òfin náà kò yọ ilé ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Àsíátù kọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà sójú pátákó, ó ní kí kálukú fi wọ́n ṣe gbólóhùn. "Já kulẹ̀" wà nínú wọn. Ẹnì kan kọ ọ́ pé òun já kulẹ̀ nínú ìṣirò. Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé mọ́tò òun já kulẹ̀ lọ́nà Ṣàgámù. Nígbà tó kan ìwé Túbọ̀sún, bírò pupa dúró lọ́wọ́ Àsíátù. Ohun tí ọkùnrin náà kọ ni pé: "Mo já bàbá mi kulẹ̀ ní ọdún 1972, 1974 àti 1978."

Kò dárúkọ rẹ̀. Ó kàn kọjú sí kíláàsì.

"Ẹ wò ó," ó ní, "ẹni tó ṣe ìdánwò tí kò yege, ó kùnà. Òun àti ìwé rẹ̀ ni, kò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èèyàn ò lè dá nìkan já kulẹ̀. Ẹnì kan ní láti wà tó gbójú lé e, tó ń retí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi máa ń là sí méjì, kí ẹni náà lè ráàyè wọ àárín rẹ̀. Já mi kulẹ̀. Já wọn kulẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn ló wà láàárín yẹn."

Ìyá kan tó ń ta oògùn òyìnbó nawọ́ sókè. "Tíṣà, ọ̀tá ńkọ́? Ṣé ọ̀tá ẹni lè jáni kulẹ̀?"

"Kò lè ṣeé ṣe, mà. Kí lẹ̀ ń retí lọ́wọ́ ọ̀tá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Túbọ̀sún kò rín. Nígbà tí kíláàsì tú, ó dúró dè é nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù oníbàtà.

"Tíṣà, ẹ ṣé tí ẹ ò ka tèmi síta."

"Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn?" Ó ti bi í kó tó rántí pé kò yẹ kí òun bi í.

Wọ́n ń rìn, ó ń sọ ọ́. Dìran ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun ló ń kẹ́kọ̀ọ́ dókítà ní Ìbàdàn, òun ni gbogbo ìjọ ń tọ́ka sí. Dìran kú ní ọdún 1972. Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá wọn pe Túbọ̀sún sí yàrá, ó ní, "Ìwọ lo kù." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún yẹn gan-an ni Túbọ̀sún ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá tí kò yege. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé wọ́n bá ọ wí?"

"Wọn ò bá mi wí rí. Wọ́n kàn máa ń sọ pé, 'Mo ti gbọ́,' wọ́n á sì padà sídìí ìwé ìròyìn wọn. Ì bá sàn fún mi kí wọ́n nà mí."

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ra bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà dè é. Ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, òjò ká wọn mọ́ abẹ́ òrùlé báńkì, wọ́n sì fi wákàtí kan wo àgbàrá. Tó bá ń sìn ín lọ sílé, oríta Kémta ló máa ń dúró sí, kì í kọjá ibẹ̀. Àsíátù kọ́kọ́ rò pé ọ̀wọ̀ ni.

Péjú, ọmọ àbúrò Pápá Herbert, ló di alárinà wọn. Òun àti Àsíátù jọ ń kọ́ni ní Owódé ni, òun ló ń bá wọn gbé lẹ́tà. Yorùbá ni Túbọ̀sún fi ń kọ ọ́, Àsíátù á fi bírò pupa tún un ṣe, á dá a padà pẹ̀lú èsì. Nínú ọ̀kan, ó fẹ́ kọ ọ́ pé "Mo fẹ́ ọ," ó kọ "Mo fẹ̀ ọ́." Àsíátù fa ìlà sí i nídìí, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Ṣé èmi ni ọ̀nà Ibarà tí ìjọba ń fẹ̀ ni?" Péjú ní Túbọ̀sún ka ìyẹn títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí èsì ìdánwò dé ní ọdún 1980, ó yege Yorùbá dáadáa, ọ̀dọ̀ Àsíátù ló sì kọ́kọ́ sáré wá.

"Kí ni Pápá sọ?" ni Àsíátù bi í lọ́sẹ̀ kejì.

"Wọ́n ní Yorùbá kì í ṣe ìwé."

Ó rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni pé kò jẹ́ nǹkan kan. Ó dun Àsíátù jù ú lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ti ń ṣàkíyèsí. Túbọ̀sún kì í sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀gá rẹ̀ ní báńkì bá ní kó wá ní Sátidé, á lọ. Bí Àsíátù bá ní, "Ìgbà wo lo máa sọ̀rọ̀ wa nílé?" á ní, "Ọ̀sẹ̀ yìí ò ní kọjá." Ọ̀sẹ̀ á kọjá. Àsíátù máa ń dá ara rẹ̀ lóhùn pé ọkùnrin jẹ́jẹ́ ṣọ̀wọ́n, kí òun má fi ọwọ́ ara òun lé e lọ.

Nílé Àsíátù náà, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn. Àlàájì Láwàlì ń ta aró òyìnbó àti sódà tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ fún àwọn aládìrẹ Ìtòkú, ìdílé rẹ̀ sì ti ń kírun kí ọ̀pọ̀ ilé ní Kémta tó gbọ́ wàásù. Ọ̀rẹ́ ìṣòwò rẹ̀ kan ti tọrọ Àsíátù lẹ́ẹ̀mejì fún ọmọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Mọ́nsúrù. Ìyá Àsíátù, Bùsírátù, ló kọ́kọ́ gbọ́ nípa Túbọ̀sún. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta pa á mọ́ra kó tó sọ fún ọkọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí wọ́n kírun Àlàsárì tán, Àlàájì pe ọmọ rẹ̀.

"Wọ́n ní ọmọ tíṣà àgbà Ìgbẹ̀ìn ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ṣé ó fẹ́ kí o wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Ó ní a lè ṣe é ní kóòtù, kí kálukú máa ṣe ẹ̀sìn rẹ̀."

Àlàájì ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè. "Bàbá Wásinmi ò ní gbà," ó ní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Sàlàhúdíìnì ló ń pè bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí wọn, tó ń gbé ní Wásinmi. "Ṣùgbọ́n màá bá wọn sọ ọ́. Ohun kan péré ni mo fẹ́. Kí àwọn èèyàn rẹ̀ wá síbí, kí wọ́n jókòó níwájú mi, kí wọ́n sọ pé ọmọ mi wù wọ́n. Kódà, bí wọ́n ò ju márùn-ún lọ, ó tó. Mi ò lè ju ọmọ sí ilé tí wọn ò ti nawọ́ gbà á."

Ó fi ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan bẹ Sàlàhúdíìnì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wọkọ̀ lọ sí Wásinmi. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fún un lómi mu. Ìgbà kẹrin ló tó sọ pé, "Ó dáa. Ọmọ rẹ ni. Ìwọ ni ojú á tì bí wọ́n bá fi wá ṣẹ̀sín." Wọ́n mú ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù karùn-ún ọdún 1981, aago méjì ọ̀sán, kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lè ti ìsìn dé.

"Ṣé o ti sọ fún Pápá?" ni Àsíátù bi Túbọ̀sún.

"Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ń rò ó."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: "Wọ́n ti gbà. Inú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbà."

Nǹkan bọ́ lókè àyà Àsíátù. "Jẹ́ kí n lọ kí wọn kí ọjọ́ náà tó pé."

"Jẹ́ kó di ẹ̀yìn ọjọ́ náà. O mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́."

Ó tún bi Péjú. Péjú ní ohun tí Túbọ̀sún sọ fún òun náà nìyẹn, òun kò sì tí ì dé Ìgbẹ̀ìn láti ọjọ́ yìí, torí bàbá-àgbà yẹn ń ba òun lẹ́rù. Àsíátù fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí kò bá gba Túbọ̀sún gbọ́, ta ni kó wá gbà gbọ́?

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ náà ni Sàlàhúdíìnì ti dé láti Wásinmi pẹ̀lú agbádá òfì àti àpò iṣu méjì. Àwọn ìyàwó ilé ti se ìrẹsì àti ẹran àgbò. Wọ́n to àga méjìlá sí apá ọ̀tún pálọ̀ fún àwọn àlejò, wọ́n fi aṣọ funfun bo tábìlì iwájú wọn. Àwọn èèyàn tiwọn jókòó sí apá òsì, bí ogún. Àsíátù wà ní yàrá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti kun tìróò, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀.

Aago méjì lù. Wọ́n ní ìsìn lè pẹ́. Aago mẹ́ta lù. Ẹnì kan ní bóyá wọn ò mọ ilé, wọ́n rán ènìyàn lọ dúró ní oríta. Yìnyín tí wọ́n kó sínú bàsíà tí wọ́n to ìgò mínírà sí yọ́, omi rẹ̀ gbóná. Aago mẹ́ta àbọ̀ kọjá. Apá ọ̀tún ṣófo, gbogbo wọn sì kọjú sí i, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe to àga.

Péjú wọlé láti ẹ̀yìnkùlé nígbà tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá Àlàsárì. Ojú rẹ̀ ti wú. Ó fa Àsíátù sí kọ̀rọ̀.

"Mo lọ wò wọ́n ní Ìgbẹ̀ìn," ó ní. "Mo bá wọn nídìí tábìlì. Wọ́n ń jẹun."

"Wọ́n ń jẹun kí wọ́n tó máa bọ̀ ni?"

"Àsíátù, fara balẹ̀. Pápá ní kí n fa àga kí n jẹun. Wọ́n bi mí pé kí ló gbé mi wá láìròtẹ́lẹ̀. Mo wo Túbọ̀sún, ó tẹjú mọ́ àwo rẹ̀. Kò sọ fún wọn. Kò sọ fún wọn rí. Pápá ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń retí àwọn."

Àsíátù kò sunkún. Ó nu tìróò ojú rẹ̀, ó yọ ìborùn tí wọ́n fi ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́, ó sì jáde sí pálọ̀ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ti ìdí ìrun bọ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, wọn ò wá mọ́."

"Ṣé àìsàn ni?"

"Rárá, sà. Ọmọ wọn ò sọ fún wọn. Wọn ò mọ̀ pé à ń retí àwọn."

Àlàájì wo àga méjìlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ẹnì kan láàárín wọn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn ìyàwó ilé.

"Ẹ bu oúnjẹ wá," ó ní. "Oúnjẹ ò ṣẹ̀ wá."

Òun ló kọ́kọ́ jẹ, kí àwọn yòókù lè jẹ. Ó jẹ àwo rẹ̀ tán pátápátá.

Lọ́jọ́ kẹta, Péjú mú lẹ́tà Túbọ̀sún wá. Ojú ìwé mẹ́rin ni, ẹ̀bẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Àsíátù kà á pẹ̀lú bírò pupa lọ́wọ́ láìmọ̀ pé òun mú un dání. Gbogbo àmì ohùn ló pé. Kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀. Ó ká a, kò dá èsì kankan padà.

Oṣù náà kò tí ì parí tí ìyá Mọ́nsúrù fi wá sọ pé ọmọ òun ti rí ìyàwó níbòmíràn. Ní Ìtòkú, àwọn tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Àlàájì kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n àwọn tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń bi í pé ṣé àlejò rẹ̀ ti dé. Kò jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́, ẹ̀yìn àpò sódà ló ń jókòó sí. Kò fi ọ̀rọ̀ náà gún Àsíátù lójú rí, àní lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á ní ọdún 1983. Àsíátù mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ó máa ń sọ ìyẹn fún ara rẹ̀, kò sì fìgbà kan tù ú nínú.

Túbọ̀sún ti bá iṣẹ́ lọ sí Ìlọrin. Àsíátù ń kọ́ni ní àárọ̀, ó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán. Ọkùnrin méjì tọrọ rẹ̀ láàárín àwọn ọdún yẹn. Tí wọ́n bá ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa kó èèyàn wá, á wá nǹkan kan tí yóò fi ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Ní Sátidé kan ní ọdún 1986, bàbá arúgbó kan tó wọ kóòtù dúdú nínú oòrùn dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó fara ti ọ̀pá.

"Ṣé ibí ni ti Àlàájì Láwàlì?"

"Ibí ni, sà," ni Bùsírátù dáhùn. "Ṣùgbọ́n ó ti di olóògbé."

"Wọ́n sọ fún mi lójú ọ̀nà." Ó ṣí fìlà. "Orúkọ mi ni Herbert Ọlálẹ́yẹ. Èmi lẹ retí nílé yín ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn."

Àsíátù ló fa àga fún un. Ọkùnrin náà kò tètè jókòó. Ó ní Lydia ìyàwó òun kú ní oṣù kẹta, nígbà tí òun sì ń tú àpótí rẹ̀, òun rí lẹ́tà tí Túbọ̀sún kọ sí i láti Ìlọrin, tó ń sunkún lórí ọjọ́ náà. Lydia mọ̀. Òun ló ní kí ọmọ náà ṣe sùúrù, kó má tí ì sọ ọ́, títí ara Pápá yóò fi balẹ̀.

"Èmi kò mọ̀," ó ní. "Mo wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí kò sí mọ́. Ẹ bá mi gbà á."

Bùsírátù sunkún. Àsíátù bi í ní ìbéèrè tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọdún márùn-ún.

"Ká ní ó sọ fún yín, sà, ṣé ẹ̀ bá wá?"

Arúgbó náà ronú díẹ̀. "Mi ò ní parọ́ fún ọ. N bá bínú. N bá sọ nǹkan nípa ẹ̀sìn yín tí kò yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n n bá wá. Ẹni tí wọ́n to àga sílẹ̀ dè kì í jókòó sílé rẹ̀."

Kó tó lọ, ó ní Túbọ̀sún ti padà sí Abẹ́òkúta, kò sì tí ì fẹ́yàwó. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí Àsíátù gbọ́ tẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ohun yòówù tó bá pinnu, kó jẹ́ kí òun mọ̀. Bùsírátù ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ ni, ọmọ mi. Ẹnu mi ò sí níbẹ̀."

Ilé oúnjẹ kan ní Òkè-Ilewó ni wọ́n ti pàdé, lẹ́yìn tí báńkì pa dé. Ewú ti wà ní ẹ̀bá etí Túbọ̀sún. Bó ṣe dìde tó fa àga fún un, Àsíátù rí i pé gbogbo ìbínú tí òun dì mọ́ra kò pa ìfẹ́ yẹn. Ó yà á lẹ́nu, ó sì bà á nínú jẹ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wọn?"

"Gbogbo Sátidé ni mò ń sọ pé ọ̀la ni." Ó ń yí ife mínírà rẹ̀ po lórí tábìlì. "Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, mo ti pinnu. Mo wọlé tọ̀ wọ́n kí a tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wò mí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi tún táì mi so. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi rí láti ìgbà tí Dìran ti kú. Wọ́n ní, 'O ń gbìyànjú, Túbọ̀sún.' Àsíátù, ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń retí kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò lè ba ọjọ́ náà jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́."

"O wá ba tiwa jẹ́."

"Mo mọ̀."

Túbọ̀sún na ọwọ́ kọjá tábìlì, Àsíátù kò sì yọ tirẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tí òun ń bẹ̀rù mọ́. Ó ní bàbá òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí i. Ó ní kó fẹ́ òun. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Àsíátù, ó mọ ohun tí àwọn ará Kémta ń pe obìnrin tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀ nílé bàbá rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti fẹ́ gbà.

"Bàbá Wásinmi ṣì wà láyé," ó ní. "Òun ni olórí wa báyìí. O ní láti lọ bá wọn."

Túbọ̀sún yọ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ń rò ó. Ó lè dáa kí Pápá kọ́kọ́ lọ, tàbí kí Péjú bá wọn dé ibẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ pẹ̀tù sí wọn nínú. Nígbà tí inú wọn bá rọ̀, èmi náà á wá."

Àsíátù wò ó. Arúgbó tó ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá ni ó fẹ́ rán ṣíwájú.

"Mo fẹ́ràn rẹ, Túbọ̀sún," ó ní. "N kò ní sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ ọ."

Ó ṣàlàyé, ó bẹ̀ ẹ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rí i pé kò ní yí padà, ó nu ojú, ó bi í lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Kí ni kí n wá sọ fún Pápá? Ṣé kí n sọ pé o ṣì ń rò ó?"

"Má sọ nǹkan kan. Mo ń lọ síbẹ̀ báyìí."

Ní Ìgbẹ̀ìn, Pápá Herbert jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn lórí itan. Bó ṣe rí Àsíátù, ojú rẹ̀ tàn, ó fẹ́ dìde. Àsíátù kúnlẹ̀ kó tó dìde tán.

"Pápá, mo ti bá a sọ̀rọ̀. Mi ò ní lè fẹ́ ẹ. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Arúgbó náà padà jókòó. Ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó tún un ká, títí kò fi ṣeé ká mọ́.

"Nígbà tí Dìran ń ṣàìsàn ní Ìbàdàn," ó ní, "ó ń kọ̀wé sí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé òun ń ṣe dáadáa, pé ìdánwò ń lọ dáadáa. Oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ni mo tó mọ̀. Mo rò pé ọmọ náà kò fẹ́ da ọkàn mi rú ni." Ó mi orí. "Ìyá wọn náà ò sọ. Èyí tó kù ò sọ. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó wọ ilé yìí wá sọ ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ fún mi, lójú ara mi."

Àsíátù dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó fẹ́ máa lọ.

"Jókòó díẹ̀ kó o tó lọ," ni Pápá wí, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń pàṣẹ.

Ó jókòó tì í. Kò pẹ́ ni wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń gun òkè bọ̀. Ó rọra dúró ní orígun, ní ibi tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ ti lè rí àwọn méjèèjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà ń kù, kò kú, kò sì sún mọ́ iwájú.

"Túbọ̀sún nìyẹn," ni Pápá wí.

Wọ́n dúró dè é. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọkọ̀ náà fẹ̀yìn rìn, ó sì gba ọ̀nà ìsàlẹ̀ lọ.